Fàdìlàt Fọ Ọkọ̀ Ojú Sánmà

Ilé tí wọ́n ti tọ́ Fàdìlàt, àlejò kì í bá ìdọ̀tí níbẹ̀. Ohun tí ó fa gbogbo wàhálà náà nìyẹn, ẹ má tíì dá a lẹ́bi.

Ọkọ rẹ̀, Zakariyah, tí í tún fíríìjì ṣe l'Ẹ́dẹ, ti ń kan ọkọ̀ ojú sánmà kékeré kan ní yàrá ẹ̀yìn láti bí ọdún méjì. Kì í ṣe pé yóò fò o. Àwòṣe lásán ni, irú ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn inú ìtàn fi ń ti ìràwọ̀ kan lọ sí òmíràn. Ìdérí ìgò ni ó fi ṣe fèrèsé rẹ̀, páìpù fíríìjì ni ó fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e ka orí pákó fífẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ pupa tí ó bù ní Alajue yí i ká, ó ní ilẹ̀ ayé mìíràn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kò yé Fàdìlàt rárá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹni tí ń kàn án, ìyẹn sì tó o.

Àwọn tó ń ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ wá gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n ní kí Zakariyah gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Láti ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Mubarakah ọmọ wọn àti aláǹgbá nìkan ni ó ti rí iṣẹ́ náà. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Zakariyah mọ́.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó lọ wá ọkọ̀ ẹrù sí Sekona. Fàdìlàt wọ yàrá láti gbálẹ̀, ó rí i tí èédú bo ìdí ọkọ̀ ojú sánmà, tí ìpẹtà wà lára rẹ̀, tí eruku dí fèrèsé. Ojú tì í. Ṣé báyìí ni wọn yóò ṣe gbé e síwájú àwọn ènìyàn? Ó gbé omi, ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó sì fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó funfun báláú.

Zakariyah dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Mubarakah, ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ mi?"

"Èmi ni. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ ti pọ̀ jù, n ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ì bá sàn kó jágbe. "Èmi ni mo kun ìdọ̀tí yẹn sí i," ó ní. "Ọkọ̀ tó ti rìn títí tó ti gbó ni. Ìdọ̀tí yẹn ni gbogbo ìrìn àjò rẹ̀. N ò lọ mọ́."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Fàdìlàt kúnlẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Zakariyah gbé e dìde, ó ní òun mọ̀ pé ire ló rò, ó sì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó tilẹ̀kùn. Gbogbo òru ni iná fi ń jó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé pákó náà sọ́kọ̀, ó ní kó múra kí wọ́n jọ lọ.

Èrò pọ̀ níbi àfihàn. Ẹ̀yìn pátápátá ni Fàdìlàt sá sí, ẹ̀rù ń bà á. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀rín níwájú, ó rọra já àárín èrò kọjá. Èédú àti ìpẹtà ti padà sí ìdajì ọkọ̀ náà, ìdajì yòókù sì mọ́ bí òun ṣe fọ̀ ọ́. Láàárín méjèèjì, lórí àkàbà igi ìṣáná, ère obìnrin kékeré kan dúró pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́. Etí ìró Fàdìlàt fúnra rẹ̀ ni Zakariyah gé ró fún un.

"Ọ̀gá, ta nìyí?" ọkùnrin kan bi í.

"Ẹni tó ń retí ọkọ̀ náà nílé ni," Zakariyah dáhùn. "Ọkọ̀ ti ti ìrìn àjò dé."

Fàdìlàt wo obìnrin náà títí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mubarakah," ó ní, "ẹ kú àbọ̀."