Àna Orí Yìnyín

Ní ilé ẹja etí omi tí a dàgbà sí, imú bàbá wa ni adájọ́. Mo ti pẹ́ kúrò níbẹ̀, irun mi ti funfun, síbẹ̀ mo ṣì ń rí i bó ṣe ń wo ojú ẹja bóyá ó ti jìn sínú, bó ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ ara rẹ̀ bóyá yóò wú padà, kó tó wá gbóòórùn rẹ̀. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wo ẹ̀dá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún aago ṣe, wá kí i, bàbá ò béèrè ọmọ ta ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀.

"Ojú ẹ̀ ti jìn. Ara ẹ̀ rọ̀. Eléyìí ò ní pẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Bàbá, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é."

"Kò sẹ́ni tó ń ta ẹja tó máa sọ pé tòun ti ń jẹrà."

Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, òun ò ní lọ́kọ mọ́. Ó mú ṣọ́bìrì, ó da yìnyín kún àpótí ńlá kan.

"Ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀. Tó bá rùn, mo gbà."

Bàbá ní yìnyín kì í pa ìbàjẹ́. Ṣe ló kàn ń ní kó rọra máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà. Aláago bọ́ bàtà, ó wọ inú àpótí náà.

"Ẹ da ikùn ẹ̀ délẹ̀," ni bàbá wí, "kí omi má baà dúró sí i lára."

Nígbà tó yá, ó padà wá. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà: ó le gbagidi. Ó gbóòórùn ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Yìnyín ló ń gbè é. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọ̀la."

Ètè aláago ti dúdú. Ibẹ̀ la wà tí ìyá oníbàárà kan fi yà sídìí àpótí.

"Eléyìí mà tóbi o. Èló ni?"

"A ti tà á, mà," lẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Bàbá yíjú padà. Nílé ẹja wa, ohun tí a bá ti sọ lójú oníbàárà pé a ti tà, ó ti tà nìyẹn. Ọ̀gá pàápàá ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́.

"Ta ló rà á?"

"Èmi ni."

Bàbá bi aláago bóyá lóòótọ́ ni. Eyín rẹ̀ nìkan ló ń gbá ara wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ," ni ìyá náà wí, "àbí ẹ fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?"

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ẹ bá a gbé e."

Ẹ̀gbọ́n mi mú orí, èmi mú ẹsẹ̀.