Irin Méje Láti Inú Kòtò

Olútóyìn ń sá aṣọ funfun rẹ̀ sórí okùn lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin nígbà tí Tíṣà Ebenezer wọlé, tó gbé nǹkan kan mọ́yà nínú àpò ìrẹsì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà làwọn méjèèjì ń lọ. Ará Oǹdó ni Ebenezer, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀bá àkúrọ̀ ní Ìgàndò.

"Ìyá Hope, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

"Kí ni, Tíṣà?"

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi gan-an nìyẹn."

Ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní Sùrájù, ọkùnrin tó ń bá òun gbẹ́ kòtò sókáwè tí omi ìdọ̀tí ilé á máa wọlẹ̀ sí, ti gbẹ́ ilẹ̀ dé àyà nígbà tí ṣọ́bìrì rẹ̀ kọlu irin. Ó yọ ọ̀kan jáde, ó rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀, ó tún rí òmíràn. Ìgbà tó kan ọ̀kan tó rí roboto bíi bọ́ǹbù, ó fò jáde kúrò nínú kòtò, ó búra pé òun ò ní wọ ibẹ̀ mọ́ títí ẹnì kan yóò fi sọ ohun tó jẹ́, àti bóyá òkú èèyàn wà pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹnì kan ní ti tírákítọ̀ ni. Ẹlòmíì ní táńkì omi ni. Mo bá rántí pé ẹ̀yin ti bá àwọn ológun òfúrufú ṣiṣẹ́."

Olútóyìn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló lò pẹ̀lú wọn lóòótọ́, àmọ́ ilé ìkẹ́rùsí ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ irin kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà rẹ̀, kó mọ orí pákó tí wọ́n tò ó sí, kó sì gbé e fún ẹni tó fẹ́ fi tún bàálù ṣe. Àwọn ará ìjọ rò pé ó ti ń wa bàálù rí. Òun alára mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà ara bàálù lòun mọ̀, bí ẹni mọ egungun ẹran tí kò tíì rí ẹran náà níbi tó ti ń sáré. Síbẹ̀, bó ṣe ká àpò náà sílẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń yún un.

Irin pẹlẹbẹ kan tó tẹ̀ díẹ̀ ni, ó gùn tó apá èèyàn, ihò ńláńlá roboto mẹ́ta sì wà láàárín rẹ̀. Ẹrẹ̀ bò ó. Ó gbé e sókè: ó fúyẹ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ó bu kẹrosíìnì sínú agolo, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìṣó olórí pẹlẹbẹ kọ́kọ́ yọjú, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní ìwọ̀n kan náà bí ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà kan hàn nínú lọ́hùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti ìyeyè. Ó dáwọ́ dúró.

"Tíṣà, kì í ṣe tírákítọ̀ o. Irú ọ̀dà yìí ni wọ́n máa ń kùn sínú bàálù; inú ìyẹ́ rẹ̀ ni èyí ti jáde."

"Ìyẹ́ bàálù, ní Ìgàndò? Ihò wọ̀nyí wá ńkọ́? Ìbọn ló bà á?"

"Rárá. Àwọn tó ṣe é ló lu ú kó lè fúyẹ́. Ẹ wo etí ihò náà bó ṣe dán. Ìbọn kì í luhò tó dán báyìí."

Ó tún fọ̀ ọ́ díẹ̀, àwọn nọ́ńbà kékeré sì jáde, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin náà lára. Eéje ló parí rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Tíṣà pé bí nọ́ńbà irú irin báyìí bá parí sí ení, ẹ̀ta, àrún tàbí èje, apá òsì ló máa ń sábà jẹ́. Bó bá parí sí èjì tàbí ẹ̀rin, apá ọ̀tún ni. Ebenezer tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ABD.

"Ẹ sọ fún Sùrájù kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ kòtò yẹn. Mo ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la."

Nígbà tó dé Ìgàndò lọ́jọ́ kejì, ó ní kí gbogbo èèyàn dúró lókèèrè. Òun náà kò súnmọ́ ọn. Ó na fóònù rẹ̀ síwájú, ó ya àwòrán nǹkan roboto náà, ó sì fi ìka fẹ àwòrán náà lójú títí ó fi rí ọrùn rẹ̀. Ọrùn náà ní ẹnu bíi ti sìlíńdà gáàsì, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti kán sì so mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀hún ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹrẹ̀ ti kún inú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Kì í ṣe bọ́ǹbù. Ìgò afẹ́fẹ́ mímí ni, fún ẹni tó ń wa bàálù bó bá fò lọ sókè réré. Ó ti ṣófo tipẹ́. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi irin lù ú."

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?" Sùrájù bi í. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìkóyanrìn ló ti ń yọ orí wò.

"Irú rẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ mi láìmọye ìgbà."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, irin méje lápapọ̀ pẹ̀lú èyí tó wà nínú àpò. Olútóyìn tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó sì tò wọ́n bí wọn ìbá ṣe wà lára bàálù: òsì sí òsì, ọ̀tún sí ọ̀tún. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí kò sí. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, kò mọ̀gbà tí oòrùn fi dé àtàrí.

Ọ̀kan nínú wọn dà á láàmú. Irin nípọn, tó rí bí ẹ̀yìn àga, tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí Sùrájù fi kérora kó tó gbé e.

"Tíṣà, ẹ bá mi rò ó. Àwọn kan náà tó lu irin nihò kó lè fúyẹ́, kí ló dé tí wọ́n tún gbé èyí sínú bàálù kan náà, sẹ́yìn ẹni tó ń wà á?"

Ebenezer fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Àfi tí ẹni náà bá ń sá fún ọta ìbọn."

"Ẹ káre! Bàálù ogun ni."

Sùrájù kò bá wọn yọ̀. Ó nawọ́ sí ìdè bẹ́líìtì kékeré kan tó wà ní ìkángun tapólì. "Ẹni tó jókòó níbẹ̀ wá ńkọ́?"

Olútóyìn mú ìdè náà. Kò fà ya, kò tẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bó ṣe yẹ. "Ọwọ́ èèyàn ló ṣí i," ló wí. Ó fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn Sùrájù lè balẹ̀, àmọ́ kò lè parọ́. "Mi ò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ tirẹ̀ ni, àbí ti àwọn tó gbé e jáde."

Ìgbà tó yí ìdè náà padà ló rí ọ̀dà ìyeyè kan: nọ́ńbà kan, mẹ́rìnlá, tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ. Ó yí irin ìyẹ́ padà. Mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn àga: méjìlélógún. Irin mẹ́fà ló ní in.

"Bàálù náà ò já síbí o!" ló pariwo. "Bí bàálù bá já, wọ́n máa ń ṣa àwọn ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí wọn lára, wọ́n á yẹ̀ wọ́n wò láti mọ ohun tó fà á. Ẹnì kan ló kó ìwọ̀nyí wá síbí lẹ́yìn ìyẹn."

Ìkeje nìkan ni kò ní ọ̀dà, kò ní nọ́ńbà kankan. Irin dúdú gbọọrọ tó wúwo, tó ní ìlà yíyípo bíi ti ìdérí ìgò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olútóyìn gbé e sí ìdí ẹ̀ńjìnnì, kò bá a mu. Ó gbé e sí abẹ́ ìyẹ́, níbi ẹsẹ̀ táyà. Kò bá a mu níbẹ̀ náà. Ó dùn ún dé egungun.

Ìyá Zulaihat ló fi ọ̀pá tilẹ̀ dé láti agbo ilé kejì. Ọmọ onílẹ̀ ni ìyá náà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì ni Ebenezer ti ra ilẹ̀. Olútóyìn kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ti hú ẹrù Kọ́póràlì Dáníẹ́lì jáde nìyẹn," ni ìyá náà wí, bí ẹni sọ̀rọ̀ èèyàn tó jáde lánàá.

"Ta ni Kọ́póràlì Dáníẹ́lì, Màmá?"

"Ayálégbé wa ni, nígbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ igbó. Oyún Zulaihat ló wà nínú mi nígbà yẹn, Zulaihat sì ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Bàálù kan já lọ́nà Kàdúná, ó ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n ní kẹ́ni tó bá fẹ́ nínú àwókù náà mú un. Ó fẹ́ rọ ìkòkò. Ó rọ ọ̀kan, ó jò. Nígbà tí iṣẹ́ ológun gbé Dáníẹ́lì kúrò l'Ékòó, ọkọ mi ní etí irin yìí á gé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ló bá gbẹ́ ilẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀."

Sùrájù ti súnmọ́ wọn. "Màmá àgbà, ẹni tó ń wa bàálù ńkọ́? Ṣé ó kú?"

"Mo bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Dáníẹ́lì, torí mi ò fẹ́ ẹrù òkú nítòsí oyún mi. Ó ní ọkùnrin náà tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé títì, ó sì bẹ onílọ́rì kan pé kó gbé òun."

Olútóyìn tún mú ìdè bẹ́líìtì náà, ó sì fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Sùrájù wọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀ nílẹ̀, ó padà sínú kòtò.

"Màmá, èyí ló kù tí mi ò mọ̀," ni Olútóyìn wí, ó gbé irin keje wá. "Mo ti wò ó títí. Ṣé Kọ́póràlì sọ ibi tó ń gbé lára bàálù?"

Ìyá Zulaihat tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ pa ìlà yíyípo irin náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Bàálù kẹ̀! Irin tí mo fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ nìyí, mo fi ń ṣe gàrí! Odindi ọdún kan ni mo fi ń bá ìyàwó kejì jà lórí ẹ̀, mo ní ó ti tà á, àṣé ọkọ wa ló bò ó mọ́lẹ̀ mọ́ ìyókù!"

Ebenezer rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yanrìn. Ojú ti Olútóyìn díẹ̀, àmọ́ òun náà kò lè mú un mọ́ra. Ó mú bírò, ó fagi lé ohun tó wà ní ìlà keje nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: *Gàrí. Ti Ìyá Zulaihat.*

Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ológun òfúrufú lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀gá ọ̀dọ́ kan wá pẹ̀lú ọkọ̀, ó ka ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní ibì kan péré ló ti ṣì í: irin tó pè ní ti iwájú, ti ìrù ni. Olútóyìn kò gbà. Wọ́n jọ kúnlẹ̀ sórí tapólì, wọ́n ń yí irin náà síbí, wọ́n ń yí i sọ́hùn-ún, Ìyá Zulaihat sì ní kí wọ́n gbé àpótí wá fún òun, òun fẹ́ jókòó wòran.