Ọjọ́ Tí Rosaura Ní Àfi Kí Òkè Ṣíjú

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ojú Olmedo Punina rí lọ́jọ́ tó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ wòran ní Baños, lẹ́sẹ̀ òkè oníná wa. Ìtàn náà ò gùn. Sùúrù tó ná Olmedo ló gùn.

Rosaura lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti wà ní Spain kó tó wá kí wọn nílé. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá rìn jìnnà jù, nígbà tó bá dé, òkè ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ náà á di ìran. Ọjọ́ kẹrin tó dé ló ní àfi kí Olmedo gbé òun lọ fojú kan Mama Tungurahua. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe òkè náà, torí pé obìnrin ni.

Olmedo ò fẹ́ lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni omi kàn án. Ní abúlé wa, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni omi poro, ìyẹn omi tá a fi ń rin oko, ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì péré. Bí àkókò bá tó tí o ò sí lẹ́nu poro pẹ̀lú ọkọ́ rẹ, ẹni tó kàn á darí omi sóko tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í. Pòtétò Olmedo ti ń tanná. Ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ pòtétò jù lọ nìyẹn. Bí kò bá mu, ohun tí èèyàn óò wú lábẹ́ rẹ̀ ò ní ju èkùrọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ tí ì bá bá a dúró de omi náà sì ti lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọbìnrin wọn ní Guayaquil.

"Ẹ̀gbọ́n, aago méjìlá ọ̀sán lomi kàn mí o."

"Aago mọ́kànlá, a ti délé. Ṣé èmi ni n ò wá mọ ohun tómi jẹ́?"

Ìdájí ni wọ́n gbéra. Rosaura kọ́kọ́ wọnú omi gbígbóná tó ń sun láti abẹ́ òkè, ó jókòó síbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi hunjọ. Ó tún lọ dúró ti àwọn tó ń so súìtì ìrèké rírọ̀ kọ́ òpó ìlẹ̀kùn, tí wọ́n ń fà á gùn kó lè le, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà fà á. Nígbà tí wọ́n fi gun orí òkè kékeré tí wọ́n ti ń wo Mama, aago mẹ́wàá ti kọjá. Ìkùukùu bo Mama látorí délẹ̀. Rosaura tẹ́ ìbora rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Òkè ò ní jáde lónìí."

"Á jáde. Ojú ló ń tì í, torí ó pẹ́ tó ti rí mi."

"Ojú ń tì í kẹ̀? Ta ló lọ, ta ló jókòó? Ẹ̀yin lójú yẹ kó tì!"

"Bú mi dáadáa, mo ti dé tán. Ṣáà fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé!"

"Wò ó, ó ti ń yọ imú!"

"Ìkùukùu nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà sú Olmedo. Ó kọjú sí ìkùukùu, ó ṣí fìlà: "Mama, ẹ dákun, ẹ ṣíjú wo obìnrin yìí, kí n lè lọ bomi rin oko." Àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Mama ò ṣíjú.

Aago mọ́kànlá kọjá dáadáa kí Rosaura tó dìde. Lójú ọ̀nà, ó tún rí ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ díndín. "Dúró, Olmedo, díẹ̀ báyìí!"

"Ẹ fimú jẹ ẹ́ láti ojú fèrèsé!" Olmedo mú ọkọ̀ sáré sí i.

"Má gbóná jù. Bómi bá dànù tí agbè ò fọ́, a ó tún pọn òmíràn."

"Ẹ̀gbọ́n, n ò ní agbè. Omi gan-an ni mò ń wá!"

Nígbà tí wọ́n dé etí poro, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lé lórí aago méjìlá. Hortensia Tisalema, ìyá àgbà tí oko rẹ̀ kángun sí ti Olmedo, ti tẹ ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, omi ń ṣàn ṣòròṣòrò sídìí àlùbọ́sà rẹ̀. Olmedo ká ọwọ́ lérí.

"Mama Hortensia, ẹ ṣàánú mi."

"Mo dúró dè ọ́ ju bí òfin ti wí lọ. Àlùbọ́sà mi ti ń mu báyìí. Ṣé kí n já a lẹ́nu ọmú ni?"

Rosaura wọnú ẹrẹ̀ tòun ti bàtà funfun Spain. "Ẹ kúuṣẹ́, Mama. Èmi ni mo dá a dúró. Ẹ yọ wákàtí kan fún un nínú tiyín, n ó wá ṣe àáró ọjọ́ kan fún yín lọ́la."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ń gba àáró lọ́wọ́ arìnrìn-àjò?"

Àmọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ọ́, o ò lè kọ̀ ọ́ láìwo ọwọ́ náà. "Na ọwọ́ wá," ni Hortensia wí. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ Rosaura wò. Ó le bíi gìgísẹ̀, ó sán kiri, erùpẹ̀ dúdú sì wà nínú sísán rẹ̀.

"Iṣẹ́ kí lò ń ṣe lọ́hùn-ún?"

"Ẹ̀fọ́ là ń gé, Mama. Láti àárọ̀ dalẹ́, lórí ìbẹ̀rẹ̀."

Olmedo na ọrùn wò ó. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú àwo kan, kò wo ọwọ́ náà rí. Òun tí ń rò pé orí àga lẹ̀gbọ́n òun ń jókòó sí ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òyìnbó!

Hortensia gbé ọkọ́, ó dí poro tirẹ̀, ó ṣí ti Olmedo. "Wákàtí kan. Lọ́la, kó tó mọ́."

"Ẹ ṣeun, Mama," Olmedo wí. "Èmi náà á wá."

"Ìwọ kẹ̀? Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ti tó mi. Ẹni tó gba omi ló ń bọ́ òṣìṣẹ́, ìyàwó rẹ ò sì sí nílé. Ìdí ààrò ni tìrẹ."

"Kó o fi ata tó pọ̀ sí i," Rosaura wí.

Olmedo pòṣé, ó tẹ̀ lé omi rẹ̀ lọ sóko.

Hortensia Tisalema fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́. Ó ní lọ́jọ́ kejì, Rosaura ro ebè mẹ́fà kóun tó ro mẹ́ta. Ọbẹ̀ Olmedo ní tirẹ̀, ó ní kò níyọ̀.