Aṣọ Ìgbòkun Mọ́kànlá

Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí Mìsítúrà ti ń ránṣọ ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó ní maṣíìnì ńlá kan tó fi ń rán awọ àga. Maṣíìnì yìí ló gbé Mista Cuthbert wá bá a ní oṣù keje.

Òkè fúláàtì Mìsítúrà ni bàbá náà ń gbé. Erékùṣù kékeré kan ní òkun Káríbíànì ni wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ onígi, tí wọ́n sì ń fi aṣọ ìgbòkun gba atẹ́gùn lọ sójú òkun. Ìjì líle jà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ó ṣí òrùlé ilé, ó sì gbé àwọn ọkọ̀ jù sáàárín igbó. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kan létí odò Thames ti fún àwọn ọmọ erékùṣù náà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ògbólógbòó ìgbòkun mọ́kànlá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti ya, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún wọn gé kí wọ́n bá ọkọ̀ ibẹ̀ mu. Maṣíìnì inú ilé kò lè gún irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti rẹ Mìsítúrà. Orúnkún ń dùn ún, ojú rẹ̀ kò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Làtíìfù ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ti ní kó sọ fún bàbá náà pé òun kò lè ṣe é. Ohun tó fẹ́ sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mista Cuthbert fi fọ́tò kan hàn án lórí fóònù: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó síwájú ilé tí kò ní òrùlé mọ́, ó fọwọ́ lé itan, kò wo ẹnikẹ́ni. Mìsítúrà ní kí wọ́n máa kó o bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń rán an. Àwọn ọmọ erékùṣù náà ń ti Stockwell àti Walworth wá: awakọ̀ òkun tó ti fẹ̀yìntì, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣíìfù, àti ìdílé méjì tó ti ń yan ara wọn lódì láti ọdún mẹ́wàá nítorí ìdíje ọkọ̀. Aṣọ náà gùn jáde sí ojú títì, ẹnì kan kò lè dá a gbé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yodì ṣe di etí kan náà mú. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì. Wọn kò sì ní agbára ìjà mọ́. Adédoyin, tó ń rán aṣọ akọrin fún ìjọ tó wà lẹ́yìn ilé, wá ń bá wọn gé òwú. Abẹ́rẹ́ ń kán. Iyọ̀ òkun inú aṣọ ń jẹ ìka wọn. Tí àkókò ìrun bá tó, Mìsítúrà á lọ kírun lẹ́yìn kátéènì, á padà wá jókòó sídìí maṣíìnì.

Ní Sátidé kẹta, Mista Cuthbert mú ìròyìn wá. Wọ́n ti ka àwọn ọkọ̀ tó kù. Mẹ́rin péré ló ṣì lè wọ òkun. Ti àbúrò rẹ̀ ti là sí méjì. Gbogbo wọn dáwọ́ dúró.

"Aunty, ta wá là ń rán méje yòókù fún?" Adédoyin bi í.

Mìsítúrà kọjú sí bàbá náà, ó bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni wọ́n fi bo ilé àbúrò rẹ̀ báyìí. Bàbá ní ọ̀rá ni, atẹ́gùn sì ti fà á ya. Mìsítúrà wá ní kí wọ́n má gé méje yòókù mọ́, kí wọ́n ṣẹ́ etí wọn po, kí wọ́n dá ihò sí i, kó ṣe é so mọ́ igi àjà.

Mista Cuthbert jókòó. Ó ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá fi ìgbòkun bolé ti gbà pé òun kì í ṣe ọlọ́kọ̀ mọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní, "Inú bàbá mi kò ní dùn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá mi ni òjò ń pa."

Wọ́n rán an tán ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n kó o sínú àgbá, wọ́n fi ránṣẹ́. Àbúrò náà pè ní oṣù kọkànlá. Ọkọ̀ mẹ́rin ti padà sẹ́nu ẹja pípa. Òjò kò wọ ilé tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n aṣọ náà ń pariwo tí atẹ́gùn bá ti fẹ́, wọn kì í sùn dáadáa. Kò dúpẹ́ púpọ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní òun ń wá igi tí òun máa fi kan ọkọ̀ mìíràn, bí ara bá gbà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kò sí ìgbòkun kankan nílẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn tún wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì gbé tíì wá fún gbogbo wọn. Mìsítúrà ní kátéènì oníbàárà kan tó yẹ kó parí. Kò tíì rán ẹ̀gbẹ́ kan tán tí oorun fi gbé e lọ lórí àga, kò sì sẹ́ni tó jí i.