Tán Tí Bàbá Oníkoríko Kọ

"Bàbá, tán wo lẹ wá ń kọ sínú ìwé yìí láti oṣù mẹ́fà?"

Obìnrin òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí kan ló bi Bàbá Oníkoríko, tó ń tọ́jú màlúù níbẹ̀, léèrè. Bàbá ti ọwọ́ bọ inú ọpọ́n tí màlúù kẹrin fi ń jẹun, ó ń kó àjẹkù inú rẹ̀ sínú bárò. Kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọpọ́n, ààtàn ló sì ń lọ.

"Tán náà ni," ni bàbá wí. "Bí mo bá ti fún wọn lóúnjẹ tán, mo máa kọ tán. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa kọ nǹkan síbẹ̀ lójoojúmọ́."

Obìnrin náà jókòó sórí àpò oúnjẹ ẹran. Kì í sábà dé ilé ẹran kí aago mẹ́jọ tó lù. Nítorí àlejò tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà ló ṣe tètè dé, tó wá fi ojú ara rẹ̀ rí bárò tó ń lọ sí ààtàn.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé màlúù ń gùfẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú gùfẹ̀ yẹn wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Ìjọba ló fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn lówó láti wá ohun tí yóò dín in kù. Ewé kan ni wọ́n ń sá, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù mẹ́fà, nígbà tí mẹ́fà yòókù ń jẹ oúnjẹ lásán. Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti máa fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu wọn. Gùfẹ̀ àwọn tó ń jẹ ewé ti dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti dì mọ́ra wọn, wọ́n ti ya fọ́tò.

Òṣùwọ̀n àjẹkù ti bàjẹ́ tipẹ́, ìwé bàbá nìkan ni wọ́n gbójú lé. Níbi tí bàbá bá ti kọ "tán", obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé màlúù ti jẹ ẹ́ tán. Ó tilẹ̀ ti rí i pé egungun ìhà màlúù kẹrin ń yọ síta, ó ní bóyá ọjọ́ orí ni. Màlúù tí kò jẹun yó, kí ni yóò fi gùfẹ̀?

"Ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ kù, bàbá?"

"Látọjọ́ tí ewé yẹn ti wọ inú oúnjẹ wọn. Ó korò. Mo tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè, ìyàwó wa."

Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́, kódà akọ̀wé ti kọ ọ́ sára ife tíì rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni iṣẹ́ ìwádìí náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wá iṣẹ́ fún un. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa mọ́tò iṣẹ́ náà. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn. Bó bá jáde láàárọ̀, ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. Bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ni. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ẹyẹ bà lókùn: ara ò ní rọ okùn, ara ò ní rọ ẹyẹ.

Síbẹ̀ ó lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un lò, ó wá bi í bóyá ẹlòmíràn ti gbọ́. Obìnrin náà ní kò sí, àfi bàbá.

"Ó dáa," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Tán ni bàbá kọ, tán la kà. Ẹnì kankan ò purọ́ níbẹ̀."

"Àǹtí mi, wọ́n ní bó bá yọrí sí rere, ìjọba máa pín ewé yìí fún gbogbo àwọn tó ń sin màlúù. Ebi ni wọ́n máa fi pa ẹran wọn."

"Kó tó dìgbà yẹn, a ó ti tún un ṣe. Àmọ́ bí wọn ò bá fún wa lówó ọdún kejì lónìí, ta ló máa tún un ṣe? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọrọ owó yìí, Ìyàwó. Àwa mẹ́sàn-án là ń jẹun níbẹ̀, ọkọ ẹ wà níbẹ̀. Mi ò ní kí o purọ́. Ka ohun tó wà nínú ìwé, kí o jókòó."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn ló dun obìnrin náà jù. Ká ní ìkà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Nígbà tó ń ré ilé ẹran kọjá, ó yà wọlé, ó bu ìyẹ̀fun ewé náà sẹ́nu. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò lè gbé e mì. Wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ korò. Ó dá a lójú pé ẹni tó sọ ọ́ kò tíì tọ́ ewé yìí wò.

Àlejò mẹ́ta láti ọ́fíìsì ìjọba dé ní aago mọ́kànlá. Bàbá arúgbó kan tó ní fáìlì lọ́wọ́ ni olórí wọn. Obìnrin náà dìde, ó ka iye gùfẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi orí. Àlejò kan béèrè bóyá àwọn màlúù ń jẹ ewé náà dáadáa. Kó tó la ẹnu, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gba ìwé bàbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí i pé tán, tán, tán, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àlejò náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹran wọ̀nyí lẹ́nu o. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dá ìwé náà padà fún un, ó sì jókòó. Ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí ilé rẹ̀ ti tòrò. Ìkorò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá arúgbó náà mú kálámù, ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé owó ọdún kejì. "Ṣé ó tán?"

"Ó tán, sà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Kò tíì tán, sà."

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó dìde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pè é, "Ìyàwó." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló pè é. Ó gbọ́, àmọ́ ó ti ṣí ìwé náà síwájú bàbá arúgbó, ó sì fi ìka sórí tán àkọ́kọ́.