Ilẹ̀kùn Pupa ní Niger Street

Ẹ bá mi wo Dìran Akínṣọlá. Railway Quarters ní Kano ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ fi èédú àti òógùn wa ọkọ̀ ojú irin fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ó lè kàwé, ó lọ sí yunifásítì ní Zaria, ó kọ́ iṣẹ́ ọnà, ó sì padà wálé ní 1975 pẹ̀lú irùngbọ̀n àti gbólóhùn kan ṣoṣo. Gbólóhùn ọ̀hún ni pé àwọ̀ kò ní ìtumọ̀. Pupa kò ju pupa lọ, dúdú kò ju dúdú lọ, ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Ó sọ ọ́ nílé, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún onísúyà tí kò bi í ní nǹkan kan.

Àwòrán rẹ̀ kò lórí, kò nírù. Bí o bá bi í pé ta ni èyí, yóò wò ọ́ bí ẹni ń wo ewúrẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, àwọ̀ erùpẹ̀ nìkan ló ń lò, ó ní ọyẹ́ Kano lòun ń yà. Ó gbé èyí tó dára jù lọ kọ́ sí pálọ̀ ìyá rẹ̀ kí ọ̀dà rẹ̀ tó gbẹ. Alice, ìyá rẹ̀, jí láàárọ̀, ó rí eruku, ó ki àkísà bọ omi, ó sì nù ún mọ́ tónítóní. Ọjọ́ méjì gbáko ni Dìran ò fi jẹun nílé.

Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò ra àwòrán aláìlórí, ó kọjú sí ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Owó epo ń ya lọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba nígbà náà, wọ́n ń kọ́lé bí ẹni ń dáko. Ọ̀kan nínú wọn gbé pálọ̀ rẹ̀ fún un. Dìran yọ kàlẹ́ńdà ìjọ kúrò, ó kó òdòdó oníke dànù, ó já fọ́tò àwọn òbí tí wọ́n gbé kọ́ sókè nítòsí àjà, ó sì kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní dúdú kirikiri. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ wá kí ìyàwó agbaṣẹ́ṣe náà, wọ́n wọlé, wọ́n wò yíká, wọ́n sì gbé orin ìsìnkú. Obìnrin náà, tí kò mọ ẹni tó kú, bá wọn sunkún.

Gbogbo àdúgbò Sabon Gari ló fi í rẹ́rìn-ín, àfi bàbá rẹ̀. Bartholomew Akínṣọlá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, wọ́n ti kó wá sí ilé tirẹ̀ ní Niger Street. Kò bú ọmọ rẹ̀, kò sì yìn ín. Bí Dìran bá ń gbé àwòrán kọjá, bàbá á yẹra fún un bí ìgbà téèyàn yẹra fún aláàárù, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí ló dun Dìran wọra. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé ni kí bàbá rẹ̀ dúró níwájú iṣẹ́ òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní 1978, Madam Susanna, tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan sí Airport Road, ń wá ẹni tí yóò ṣe yàrá mẹ́rìnlá lọ́ṣọ̀ọ́. Dìran lọ ro àròyé níwájú rẹ̀. Madam ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó òun í jẹ, kí ó lọ ṣe pálọ̀ kan, òun á wá fojú rí i lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Dìran wà ní Ọ̀ffà lọ́sẹ̀ yẹn, ó lọ sìnkú. Dìran ní, inú ilé wa gan-an ni màá ti ṣe é. Ó tú pálọ̀ palẹ̀, ó yọ kàlẹ́ńdà ìjọ bàbá rẹ̀ kúrò, ó kun fèrèsé ní àwọ̀ ewé, ó wá da pupa bo ògiri iwájú ilé àti ilẹ̀kùn pátá, pupa tó ń pariwo.

Alice kìlọ̀ fún un pé bàbá rẹ àti pupa kò jọ ń rìn. Kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ tó fi dá a lóhùn pé àwọ̀ kò ní ìtumọ̀. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí Alice kò ti sá aṣọ pupa sójú ọ̀nà ọkọ rẹ̀, ọmọ tó jẹ́ pé ojú ló fi ń ṣiṣẹ́ kò sì rí i.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó rìn dé Niger Street, ó rí ilẹ̀kùn, ó dúró. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Kò bínú, kò sì wọlé. Alice, tó mọ ọkọ rẹ̀, gbé àga fún un sábẹ́ igi dogonyaro níwájú ilé, ó sì gbé túwó rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ níbẹ̀. Dìran fara pa mọ́ sínú ilé, ó ń gbàdúrà kí bàbá sáà lọ kí ẹnìkan ládùúgbò.

Ó di ọ̀sán, Madam Susanna dé. Ó wọlé, ó yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò burú. Ó wá bèèrè pé ta ni bàbá tó ń jẹun níta yẹn. Dìran kólòlò, ó ní onílé ni.

Madam Susanna wo bàbá, ó wo ilẹ̀kùn. "Ilé tí onílé kò lè wọ̀," ó ní, "ta ni yóò sanwó wá sùn nínú rẹ̀?" Ó bọ́ sínú Pijó rẹ̀, ó lọ.

Inú bí Dìran dé góńgó. Ó jáde tọ bàbá rẹ̀ lọ, ó ro gbogbo ẹjọ́ tó ti ń dì sínú láti Zaria: pé bàbá kò ka òun sí, pé kò wo iṣẹ́ òun rí, pé ọjọ́ tí oúnjẹ òun délẹ̀ náà ló wá da yẹ̀pẹ̀ sí i.

"Ọ̀dà lásán ni, Bàbá. Kò ní ìtumọ̀ kankan."

Bàbá fọwọ́, ó nù ún. "Ohun tí Henry sọ nìyẹn."

Henry ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba àwọn méjèèjì síṣẹ́ reluwé. Lọ́dún 1959, ní ibùdó reluwé kékeré kan lẹ́yìn Zaria, iná pupa tàn fún Henry kí ó dá ọkọ̀ ojú irin tó ń wà dúró. Henry ti pẹ́, ó ní iná yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló sùn lọ. Ọkọ̀ mìíràn ló ń bọ̀ níwájú.

"Ṣọ́bìrì la fi kó o, Dìran. Èmi wà lára àwọn tó kó o." Bàbá nàka sí ilẹ̀kùn. "Ìwọ lo gbé pupa síbẹ̀. Mo rí i, mo dúró."

Dìran yíjú wo ilẹ̀kùn náà. Wọ́n fi àkísà nu àwòrán rẹ̀, wọ́n kọrin òkú sí ògiri rẹ̀, obìnrin olówó ní kò burú. Ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo ni àwọ̀ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ rí, tí onítọ̀hún gbọ́, tó sì ṣe ohun tí àwọ̀ wí. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́kàn pé kí bàbá òun dúró níwájú iṣẹ́ òun. Bàbá ti wà níwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

Ó wọlé lọ mú ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù nídìí fèrèsé. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó sì fi ṣe àmì róbótó kan sí àárín ilẹ̀kùn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbá wò ó títí. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọjá wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni pé níbo ni wọ́n gbé kàlẹ́ńdà ìjọ òun sí.

Bàbá kú ní 1983. Ilẹ̀kùn yẹn náà ni wọ́n gbé pósí rẹ̀ gbà jáde, àmì àwọ̀ ewé náà ṣì wà lójú rẹ̀. Lónìí àwọn olówó Kaduna ń du àwòrán Dìran mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn àwòrán náà ṣì jẹ́ aláìlórí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí róbótó kékeré aláwọ̀ ewé kò sí ní igun rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ìyẹn, yóò fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti ń funfun, yóò ní àwọ̀ lásán ni, kò ní ìtumọ̀. Irọ́ gbuu ló ń pa.