Àtọ̀ Inú Fíríìjì

Ní ọjọ́ kọkànlélógún tí wọ́n ti fi àtọ̀ akọ inú ìgò sínú abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rìnlá, Dorthe gbọ́ igbe wọn láti ilé ìdáná. Abo tó lóyún kì í ké bẹ́ẹ̀. Méjìlá nínú wọn tún ti ń wá akọ.

Asger ọkọ rẹ̀ wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

"Ostap òṣìṣẹ́ wa yìí ló bà á jẹ́! Mo ní tó bá ń fi àtọ̀ náà sí wọn, kó fi akọ síwájú wọn, kó jókòó lé wọn lẹ́yìn bí akọ tó ń gùn, kó má kánjú. Kó máa lọ lónìí!"

"Ṣé ó dá ọ lójú pé òun ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìwọ ni, àbí èmi?"

Asger jáde, kò dúró gbọ́ èsì. Dorthe sì mọ ẹni tó jẹ́. Oko ọkà bálì ni àwọn ọkùnrin méjèèjì wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwọn ìgò náà dé. Dorthe fọwọ́ kan àpótí tí wọ́n ń kó o sí, ó rí i pé kò tutù, ó bá kó gbogbo rẹ̀ sí fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì. Ilé olówó màlúù ni wọ́n ti bí i. Ti màlúù, inú yìnyín ló ń pẹ́ sí. Ti ẹlẹ́dẹ̀, òtútù ń pa á ni, òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún yìí ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lára ìgò òfìfo kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọkùnrin tó gbọ́n tán nínú ilé kì í ṣàlàyé nǹkan fún ìyàwó.

Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí òun. Ó sáré jáde. Ostap, ará Ukraine tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ń so àpò rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, Asger sì dúró tì í.

"Asger, èmi ni! Mo kó o sí fíríìjì."

Asger yíjú sí òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ostap, má bínú. Mi ò mọ̀."

"Èmi mọ̀," Ostap fèsì. "Fíríìjì náà ni mo ti kó o. Ó tutù rinrin. Mo fi sí abẹ́ abíyá kó lè móoru, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti kú."

"Kí ló wá dé tóo ò sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀gá, lọ́dún tó kọjá mo sọ fún yín pé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ti bu. Ẹ ní kí n máa kó ìgbẹ́, kí n fi èrò sílẹ̀ fún ẹni tó lẹlẹ́dẹ̀." Ó yíjú sí Dorthe. "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ò ṣẹ̀ mí."

Asger di kẹ̀kẹ́ náà mú. Ostap wo ọwọ́ rẹ̀ títí Asger fi tú u sílẹ̀, òun sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.